Àpótí Olórí Apẹja

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí: fóònù tó yẹ kó máa gba ẹ̀mí là, inú àpótí ni wọ́n tì í mọ́! Ọkọ Ìyá Jẹ́jẹ́, olórí àwọn apẹja, ló ṣe é. Láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè tó wà lókè odò ti sé omi, odò fà sẹ́yìn, ẹja di àwátì, àwọn ọkùnrin sì wá iṣẹ́ lọ sí ìgboro. Àwọn obìnrin ló kù, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tí odò fi sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìjọba mú fóònù wá, èyí tí wọn yóò máa pè bí wọ́n bá fẹ́ ṣí omi, ta ni wọ́n fún? Olórí apẹja! Alaalẹ́ ló ń yọ ọ́ jáde kó lè gba iná. Ilẹ̀ mọ́ tán, á fi aṣọ wé e, á ti àpótí, á fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó di ìgboro.

"Obìnrin kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o," ó ní. "Nǹkan ìlú ni."

Lọ́dún tó kọjá, fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ìyá Jẹ́jẹ́ káwọ́ lérí, kò lè ṣe nǹkan kan. Omi gbé oko lọ. Díẹ̀ ló kù kó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù odò ti ń bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń gbálẹ̀ yàrá, fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ rẹ̀ wà lóko, tòun ti oyún nínú!

Ó fa àpótí, kò ṣí. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Ó ju ìgbálẹ̀ nù, ó gbé odindi àpótí rù, ó ki eré mọ́lẹ̀.

Obìnrin tí kì í gbóhùn sókè ń ké bọ̀, àpótí ń dún lórí rẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn.

"Ẹ fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ o! Ẹ gun òkè!" ni ọmọ náà ń pariwo.

Wọ́n sá gun òkè. Kò pẹ́ tí omi fi dé, ó ń ru gùdù, ó bo oko. Kò rí ẹnì kankan gbé.

Nígbà tí ọkọ dé, orí òkè ló ti bá ìyàwó rẹ̀, ó jókòó lórí àpótí láàárín àwọn obìnrin.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan fóònù?"

"Olówó orí mi, mi ò fọwọ́ kàn án. Àpótí ni mo gbé."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà wo odò, ó wo ikùn ọmọ rẹ̀, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ ṣí àpótí, ó mú fóònù, ó dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un.

"Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín," ó ní. "Bí omi bá ti fà, fóònù ń bá wa lọ sóko."