Ẹ̀rí tí Ọládùnní Jẹ́

"Ẹ gbé e, Mummy. Ṣebí ẹ̀yin lẹ jẹ́rìí ní Sunday pé ara yín ti dá ṣáṣá?"

Ọbáfẹ́mi ló sọ bẹ́ẹ̀, tó ń nawọ́ sí àpò aṣọ ìbùsùn òtẹ́ẹ̀lì tó tutù rinrin. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ náà ní àdúgbò Altona lókè òkun, ìjọ kan náà ni òun àti Ọládùnní sì ń lọ. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, òní ni Ọládùnní padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún ní Reha, ilé ìtọ́jú àwọn tó ń bọ̀ sípò, ní Berlin, nítorí àdúgbò Hellersdorf níbẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tún kọ́ ọ, ìyá àgbà bíi tirẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo fún ẹ ní ìwé dókítà láàárọ̀. Wákàtí mẹ́rin lóòjọ́, mi ò sì gbọdọ̀ gbé ju kílò márùn-ún lọ. Àpò yìí ń lọ sí ogún."

"Mo kà á, Mummy. Ṣùgbọ́n mo ti fi fídíò ẹ̀rí yín han ọ̀gá wa, Chefin. Ẹ ń jó! Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ tún dìde. Ó ní kí n fi yín sí full shift."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Ọládùnní, ẹ̀yìn ló mú ọ̀ràn bá. Hóró oògùn ìrora méjì ló gbé mì kó tó jó lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba máìkì níwájú ìjọ tó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún fún un, tí yóò ní ó ṣì ń dun òun? Wọn á ní kò nígbàgbọ́. Òun náà ti sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹlòmíì rí.

"Ọbáfẹ́mi, ìwọ náà mọ bí ẹ̀rí ṣe ń rí."

"Bíi báwo, Mummy? Ṣé ẹ purọ́ nínú ilé Ọlọ́run ni?"

Ọbáfẹ́mi rẹ́rìn-ín. Òṣìṣẹ́ méjì ni kò wá láti ọjọ́ Monday, ìyẹn gan-an ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ọládùnní tẹ orúnkún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó gbé àpò náà. Iná kan jó o láti ìbàdí dé gìgísẹ̀. Ó sọ àpò sílẹ̀, ó di ẹ̀rọ mú.

"Ẹ ò rí i? Ó ṣe é ṣe," ni Ọbáfẹ́mi wí.

Inú bí Ọládùnní dé góńgó, sí Ọbáfẹ́mi, sí ara rẹ̀ pàápàá. Ó mú ìwé náà lórí tábìlì, ó kọjú sí ọ́fíìsì.

"Mummy! Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ níbẹ̀, gbogbo ìjọ á gbọ́ o!"

"Kí wọ́n gbọ́."

Chefin gbójú sókè, ó bi í bóyá ara ti le. Ogún ọdún ni Ọládùnní ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn ní ìlú yìí pé "Gut, danke," ó dáa, ẹ ṣé. Ó ti wà létè rẹ̀.

"Nein," ló sọ. "Ó ń dùn mí. Ara mi ò tíì yá."

Chefin ka ìwé náà, ó mí kanlẹ̀. Ó ní àwọn á wò ó bóyá iṣẹ́ wà níbí fún ẹni tí kò lè gbé nǹkan. Kó máa lọ sílé, àwọn á kọ lẹ́tà sí i.

Ọládùnní gba ìwé rẹ̀ padà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó jẹ́ lọ́dún náà tí kò fi irọ́ kún nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó kígbe Halelúyà.