Ìbò Kan Láti Ìkàrẹ́

Ipò kẹsàn-án ni wọ́n fi Ládélé sí nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù Àkókó àtijọ́ táwọn èèyàn fẹ́ràn jù. Ìyẹn kò dùn ún. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ni aráyé ń rántí; àárín pápá lòun ń gbá ní tirẹ̀, ó sì ti tó ogójì ọdún tó ti fi í sílẹ̀.

Ohun tó gbé e kúrò nílé ní Ìwàrò-Ọ̀kà ni pé, nínú ìbò mọ́kànlélógún tó ní, ogún wá láti Ọ̀kà, ẹyọ kan wá láti Ìkàrẹ́. Ará Ìkàrẹ́ kì í dìbò fún ará Ọ̀kà. Ṣé wọ́n ṣì í kọ ni? Àbí ẹnì kan ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀? Bó ṣe ń rò ó nìyẹn títí ọkọ̀ fi wọ Ìkàrẹ́.

Kafilat, obìnrin tó ni ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, ló gba ìbò náà. Ó rí bàbá náà níwájú ìwé èsì ìbò tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

"Bàbá, ipò kẹsàn-án ò burú o."

"N ò bá ti ipò wá. Ta ló dìbò fún mi níbí?"

"Ẹ fẹ́ kí àwọn ará ìlú wa na onítọ̀hún ni?"

Ládélé kò rẹ́rìn-ín. Kafilat náà bá gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. "Bàbá kan tó ń jẹ́ Adéṣínà ni, tó ń ránṣọ lẹ́bàá ilé epo."

Adéṣínà ni ẹ̀gbọ́n Mọ́júbọ́lá, ìyàwó Ládélé tó kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Àwọn ará Ìkàrẹ́ fẹ́ gbé òkú ọmọ wọn wálé. Ládélé kọ̀, ó sin ín sẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ọ̀kà. Láti ọjọ́ náà ni Adéṣínà kò ti bá a sọ̀rọ̀ mọ́, kò sì tíì fojú kan ibojì àbúrò rẹ̀. Ṣé inú rẹ̀ ti wá rọ̀ ni?

Ládélé bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀ débi tí orúnkún rẹ̀ gbà á dé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

Adéṣínà kò gbójú kúrò lára aṣọ. "Wọ́n ní o gbé ipò kẹsàn-án."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dìbò fún mi."

"Bọ́ọ̀lù ni mo dìbò fún. O mọ̀ ọ́n gbá, o ò kàn mọ ọ̀rọ̀ gbọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, Ẹ̀gbọ́n."

"N ò bi ọ́." Ó já òwú. "Lọ́jọ́ tí ẹ wá nà wá lórí pápá wa níbí, Mọ́júbọ́lá jókòó tì mí, ó ní ẹni tó ń pín bọ́ọ̀lù yẹn lòun máa fẹ́. Mo gbá a létí. Ká ní ó wà láyé ni, òun ni ì bá dìbò yẹn. Mo bá a dì í ni."

"Ṣé ẹ ó wá wo ibi tó sùn sí?"

Adéṣínà rán etí aṣọ náà dópin, ó ká a, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ.

"Ọkọ̀ Ọ̀kà ṣì wà ní gáréèjì?"

"Ó wà, Ẹ̀gbọ́n."

"Má rò pé mo ti dárí jì ọ́ o," ló wí, ó sì ń wá bàtà rẹ̀.