Ìwé Ọba Lórí Ajẹ́lẹ̀

Nígbà tí Paskuala Sisa ránṣẹ́ sí ọba Sípéènì, Ilario ọmọ rẹ̀ kò tíì lè da yámà kan ṣoṣo, ẹran tí wọ́n fi ń ru ẹrù níbẹ̀, wọ ọgbà. Nígbà tí èsì dé, ọmọ náà ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ wọlé. Bí ọ̀nà ọba ṣe jìn tó nìyẹn.

Àlùfáà kan tó ti kú báyìí ló bá a kọ ìwé náà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Ọkọ Paskuala lọ wa fàdákà fún ọba ní òkè fàdákà ní Potosí nígbà tó kan abúlé wọn, Kakíra, láti kó ènìyàn sílẹ̀, kò padà wá. Àkọ́bí rẹ̀ lọ dípò baba, ó padà wá pẹ̀lú ikọ́, ikọ́ náà ló sì sin ín. Ilario nìkan ló kù. Kí ọba jọ̀ọ́, kó fi èyí sílẹ̀ fún òun. Ìwé náà gun ìbaaka sọ̀kalẹ̀ dé etí òkun, ó wọkọ̀, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gun ìbaaka mìíràn, ó tún dúró de ọkọ̀ mìíràn tí kò lè dá rìn nítorí olè orí omi. Nígbà tó dé ààfin, ó bá òkìtì ẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé ọba kò gbọ́. Ọba gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dunni gan-an nìyẹn.

Ọdún tí ó kan Ilario ni èsì náà dé. Paskuala kò tilẹ̀ retí rẹ̀ mọ́. Fermín àbúrò rẹ̀, tó ń da yámà lọ sí àfonífojì olóoru níbi tí ewé koka ti ń hù, ti ṣètò pé òun yóò mú ọmọ náà lọ. Lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó ń bi àlejò pé ọmọ abúlé ibo ni, bó bá ṣáà ti lè ká ewé. Àwọn ọ̀dọ́ Kakíra tó ti gba ọ̀nà yẹn kò mọ ní ọ̀kan tàbí méjì. Ilario ti di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn ì bá lọ, ni Martín Condori, baálẹ̀ wọn, bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ pé ìwé kan dé ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú èdìdì ọba, àti pé orúkọ Paskuala wà nínú rẹ̀.

Inú Paskuala dùn débi pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Inú Fermín ní tiẹ̀ kò dùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ dé ibi tí ooru ti ń mú ná,” ó ní. “Bó bá débẹ̀ tán, kí wọ́n máa ka ìwé fún wa níhìn-ín.”

“Ẹni tí à ń gbé ìyàwó bọ̀ wá fún kì í garùn. Ọba dá mi lóhùn, o ní kí ọmọ mi sá bí olè?”

“Mi ò sọ pé olè ni. Kó wà láàyè ni mo ń wá.”

Ilario wo ìyá rẹ̀, ó wo Fermín, ó ní ohun tí ìyá òun bá sọ ni òun yóò ṣe. Ọmọ dáadáa ni, orí kúnkún ì bá sàn fún un lọ́jọ́ yẹn. Fermín dá lọ pẹ̀lú àwọn yámà rẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ilé ajẹ́lẹ̀, Don Baltasar de Urrutia, ajẹ́lẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ló ka ìwé náà sókè, baálẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún Paskuala ní èdè wọn. Ọba ní òun ti gbọ́ ẹkún opó yìí. Ọba ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú ọmọ tó ṣẹ́kù fún un lọ sí òkè fàdákà. Nígbà tí Don Baltasar kà á tán, ó dìde, ó ṣí fìlà, gbogbo òyìnbó tó wà nínú yàrá náà sì dìde pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ṣí tiwọn. Ó tẹrí ba, ó fẹnu ko èdìdì náà, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìwé ọba lé àtàrí ara rẹ̀, ó di ojú bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó sọ gbólóhùn kan ní èdè tirẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Paskuala kò dúró de ìtumọ̀. Ohun tí ojú rẹ̀ rí ti tó o. Ní Kakíra, bí ènìyàn bá gbé ife ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún ọ tó sì bẹ̀ ọ́ níṣẹ́, tí o bá fọwọ́ méjèèjì gbà á tí o mu ún, o ti gbà láti ṣe é nìyẹn. Kò sẹ́ni tí í mu ọtí tán kó tó sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ìran irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ ọ sí etí. Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ kọjá ẹnu, kọjá ojú, tó gbé e ka orí, kí ló tún kù? Ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀ fún Don Baltasar. Martín Condori ti lanu láti túmọ̀ gbólóhùn ìkẹyìn náà. Ó rí ojú obìnrin náà, ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, ó mọ ibi tó ń já sí. Ọ̀nà tí wọ́n jọ rìn padà gùn, ó sì láyè láti sọ ọ́. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bó dọ̀la. Ojo ni, kò sí orúkọ mìíràn tí à bá pè é.

Paskuala pa yámà rẹ̀. Yámà yẹn ni ì bá ru oúnjẹ ọmọ rẹ̀ dé Potosí, torí wọn kì í fún ènìyàn lóúnjẹ lójú ọ̀nà, ẹni tí kò bá ní ẹran tí yóò ru ẹrù rẹ̀ ń fi ebi rin ìrìn àjò ni. Ó kó ọ̀dùnkún gbígbẹ tó fi pamọ́ jáde, ó pín in. Ó po ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ilario jó títí bàtà rẹ̀ fi já, àwọn ọmọge sì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ ọba ti dé. Martín Condori náà wá, ó jẹun, ojú rẹ̀ wà nínú àwo.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe orúkọ àwọn tó kàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe Ilario.

Paskuala rò pé wọ́n ṣì í pè ni. Ó sáré relé lọ mú ẹ̀dà ìwé ọba tí wọ́n fún un, ó gbé e wá síwájú Don Baltasar, ẹni tó jókòó lórí ìbaaka láti rí i pé iye ènìyàn pé. Don Baltasar sọ̀kalẹ̀. Ó tún ṣí fìlà nítorí ìwé náà. Kò jágbe mọ́ ọn; ì bá ṣe pé ó jágbe mọ́ ọn, ì bá rọrùn láti kórìíra rẹ̀. Ẹnu baálẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà wá.

“Ìyá, mo gbọ́ràn sí ọba, gbogbo wọn ló rí i. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé mo gbọ́ràn, ṣùgbọ́n n kò ní mú un ṣẹ. Òfin ọba fúnra rẹ̀ ló gbà mí láyè. Ọ̀nà jìn, ọba kò rí ibí. Bó bá mọ bí ènìyàn ti dín kù tó lábúlé yìí, kò ní kọ irú ìwé yìí. Ta ni yóò wa fàdákà tí ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró dè? Mo ti kọ̀wé padà láti ṣàlàyé fún un.”

“Ìgbà wo ni yóò dáhùn?”

“Ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.”

Paskuala dúró síbẹ̀. Ó bojú wo Martín Condori, baálẹ̀ náà wo ilẹ̀. Ó wá béèrè pé ìwé tí wọ́n fi pe orúkọ ọmọ òun, ta ló ni ín. Wọ́n ní ti ọba ni, orúkọ ọba ni wọ́n fi pè é. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí i. Bóyá ó ya akọ̀wé lẹ́nu ni, ó nà án sí i.

Paskuala ṣí aṣọ orí rẹ̀. Ó fẹnu ko ìwé náà, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e lé àtàrí, ó di ojú.

“Mo gbọ́ràn sí ọba,” ó ní. “Ṣùgbọ́n n kò ní mú un ṣẹ, títí màá fi kọ̀wé sí i.”

Baálẹ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló ṣe láìbẹ̀rù ní gbogbo ọ̀ràn yìí. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Akọ̀wé kò kọ ohunkóhun sílẹ̀. Don Baltasar gba ìwé náà lórí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

“Paskuala,” ó ní, “ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ti ẹnu rẹ.”

Wọ́n mú àwọn tó kàn lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Paskuala tẹ̀ lé wọn dé ibi tí ọ̀nà ti la òkè kọjá, níbi òkìtì òkúta tí arìnrìn-àjò kọ̀ọ̀kan ń fi òkúta kan kún. Ẹran yámà tó ṣẹ́kù nínú àsè ló dì sínú aṣọ fún Ilario, kò pọ̀. Ilario gbé e sẹ́yìn ara rẹ̀. Ó fi òkúta tirẹ̀ lé òkìtì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ bá mi sọ fún Bàbá Fermín,” ọmọ náà ní, “pé mo ti di ẹrù mi tẹ́lẹ̀.”

Ó bá àwọn yòókù lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Paskuala délé. Ẹrù náà ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí Ilario ṣe dì í.