Ẹrù Bàbá Àpáta

Ìwọ̀n tí wọ́n yá lọ́wọ́ Láwùmí aládùúgbò kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni gbogbo ilé ti ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n á fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ etí àpò, Shakirah á dì í mú níhìn-ín, ìyá rẹ̀ á dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n á gbé àpò náà kúrò nílẹ̀, ojú ìwọ̀n á sì sọ tirẹ̀. Kílò mẹ́tàlélógún ni ọkọ̀ òfuurufú gbà fún àpò kan. Àpò méjì ni. Ohun tó bá lé, owó ni, owó ọ̀hún kò sì sí.

Ọjọ́ kejì ni Shakirah yóò wọ ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Challenge lọ sí Èkó, kó tó fò lọ sí Ìlú Ọba lọ kàwé. Ó ti pẹ́ tó ti ń ṣírò bí yóò ṣe jẹun níbẹ̀, bí yóò ṣe sùn, bí yóò ṣe wọkọ̀. Ìṣírò náà ti mọ́ ọn lẹ́nu bí orin. Owó ọwọ́ rẹ̀ lè ra ẹ̀wù òtútù, ó lè san owó ọkọ̀ lọ síléèwé, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹsẹ̀ méjì péré ni ìṣírò náà fi dúró. Ẹsẹ̀ kan ni gàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà àti ata gígún tí yóò máa jẹ títí òtútù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì ni yàrá Mánsúrù.

Mánsúrù ni àkọ́bí Bàbá Àpáta. Bàbá Àpáta yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Shakirah, bàbá tó bí Shakirah sì ti di olóògbé. Ìlú tí yunifásítì náà wà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, Bàbá Àpáta sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé yàrá kan ṣófo níbẹ̀, kí Shakirah máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí yóò fi ríṣẹ́. Mánsúrù fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́: ibùsùn kékeré, ògiri funfun, fèrèsé tó kọjú sí igi kan. Fèrèsé yẹn ni Shakirah fẹ́ràn jù. Bí iná bá lọ nílé wọn ní Àgbowó tí ooru ò jẹ́ kí èèyàn mí, á dijú, á lọ jókòó nídìí rẹ̀, á máa wo yìnyín bó ṣe ń bọ́ sórí igi bí òwú.

Bàbá Àpáta kan náà ló kó owó sí àkáǹtì rẹ̀ nígbà tí àwọn onífísà ní àwọn fẹ́ rí i pé owó wà. Ọjọ́ tí físà jáde ni owó náà jáde. Òun náà ló ra ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá Shakirah ní Dùgbẹ̀, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi san owó ilé-ìwé Shakirah. Ó ní òun ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ló ń jókòó níbẹ̀ báyìí. Ta ló wá lè sọ pé Bàbá Àpáta ò ṣe baba?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà làwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá dágbére. Ẹni tó bá wá dágbére kì í wá lọ́wọ́ òfo, ẹrù tó sì mú dání kì í ṣe tìrẹ. Bó o bá kọ̀ ọ́, àfi bíi pé o dá àdúrà rẹ̀ padà fún un. Àǹtí Ọdúnayọ̀, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ láti Òkè Àdó, gbé ẹja gbígbẹ wá fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìlú Ọba.

"Ẹ bá mi fi há ẹ̀gbẹ́ kan. Kò wúwo rárá."

"Àǹtí, ẹja yìí kò tíì kú tán ni? Ó ń fa àpò ya."

"Ọmọ yìí! Bó o ṣe máa fẹnu pa àwọn òyìnbó lẹ́rìn-ín nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹja wọlé, ẹ̀wà Shakirah jáde.

Ọkọ̀ Bàbá Àpáta dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Dírẹ́bà rẹ̀ gbé báàgì Ghana-must-go kan wọlé, ó sì ń mí hẹlẹ.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o."

"Ẹ káàbọ̀, Alhaji." Ìyá Shakirah ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Ti Mánsúrù nìyí. Kò pọ̀."

"Bàbá, àpò ti kún, sà," ni Shakirah wí.

"Kí ló kún un? Gàrí! Ṣé wọn kì í ta gàrí ní Ìlú Ọba ni?"

"Wọ́n ń tà á, sà. Owó tí mo máa fi rà á ni ò sí."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ yìí! Lọ́yà ló yẹ kó o kọ́."

Ìyá rẹ̀ tètè dá sí i. "Kó gàrí náà kúrò, jàre. Ṣebí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń lọ. Wọn ò ní jẹun kí wọ́n ní kó o máa wòran."

Bàbá Àpáta wúkọ́, ó sì bojú wo fóònù rẹ̀.

Gàrí jáde. Èlùbọ́ jáde. Síbẹ̀ báàgì náà kò gba inú àpò, ni Shakirah bá tú u kó lè pín in sọ́nà méjì. Ó fa igbá òrí yọ. Ó fa ọṣẹ dúdú yọ, àti kànhìnkànhìn tuntun. Lábẹ́ wọn ni ọ̀já tuntun wà, àti fìlà mẹ́ta tí kò lè wọ orí ẹnikẹ́ni tó ti hu eyín.

"Bàbá, ta ló bímọ?"

"Ìyàwó Mánsúrù ni. Ọkùnrin làǹtìlanti! Abdulmojeed la sọ ọ́."

"Alihamudulilai!" Ìyá rẹ̀ pàtẹ́wọ́. "Alhaji, ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Ẹ̀yin náà ń sáré kiri. Ìyá ìyàwó ti wà lọ́hùn-ún, òun ló ń bá wọn wẹ ọmọ. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó padà."

Shakirah di fìlà kan mú. "Yàrá wo ni wọ́n fún ìyá ìyàwó, sà?"

Bàbá Àpáta tún bojú wo fóònù rẹ̀.

"Ọlọ́run á ṣe ọ̀nà," ni ó wí. "Àwọn ọmọ Yorùbá kún ìlú yẹn. Ṣé wọ́n ń sun títì níbẹ̀ ni?"

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé yàrá ò sí mọ́?"

"Èmi lò ń bi bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Láti ìgbà ààwẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọkàn yín dààmú ni."

Ìgbà ààwẹ̀. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù. Ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá bẹ ilé-ìwé pé kí wọ́n sún un sí ọdún tó ń bọ̀, ìyá rẹ̀ ì bá ṣì wà ní Dùgbẹ̀ láàárín aṣọ rẹ̀. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Shakirah wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé òun náà ti ṣírò rẹ̀ tán. Ojú ìyá náà wà nílẹ̀.

Bàbá Àpáta tẹ́wọ́, ó ṣàdúrà gígùn. Wọ́n ṣe àmín. Ó lọ.

Bí ìró ọkọ̀ rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, Shakirah bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹrù náà síta. "Ọ̀kadà ló máa gbé e padà sí Àpáta lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló máa san owó ọ̀kadà!"

"Dá a padà sínú àpò."

"Ìyá mi!"

"Mo ní kó o dá a padà. Ibo lo máa sùn lọ́jọ́ tó o bá dé?"

Shakirah dáwọ́ ẹrù jíjù dúró.

"Bó o bá lọ kanlẹ̀kùn wọn lọ́wọ́ òfo, wọ́n á ní kò sáyè. Bó o bá gbé òrí àti ọ̀já ọmọ tuntun dání, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó bá sì ti wọlé, tó ti gbé ọmọ jó, ojú á ti wọn láti lé e síta lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibi tí mo lè bá ọ ṣírò dé nìyẹn."

"Oúnjẹ mi ńkọ́?"

"Òun lo fi sanwó ilé ọjọ́ kan."

Wọ́n fi ìkọ́ kọ́ àpò náà. Wọ́n gbé e. Kò lé.

Ní Challenge láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ kò sunkún. Ó kàn ń so gèlè ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní òtútù lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ìgbà tí Shakirah pè é láti pápákọ̀ òfuurufú, ó gbọ́ ariwo ọ̀nà lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Ṣé ẹ ò sí nínú ilé ni?"

"Mo wà níwájú ilé níbí. Wọ́n ti gba àpò rẹ?"

"Wọ́n ti gbà á, mà."

Obìnrin kan sọ̀rọ̀ nítòsí ibẹ̀: "Ìyá, èló ni kóńgò gàrí yìí? Ẹ má tà á wọ́n fún mi o."

"Dúró ná, Àbẹ̀ḿbí," ni ìyá rẹ̀ wí fún Shakirah. Oríkì tí bàbá Shakirah fi máa ń pè é nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí bàbá náà ti kú. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí gàrí ń dà ṣàà sínú ọ̀rá, gàrí tí òun fúnra rẹ̀ yan gbẹ kó má baà bu lọ́nà.

"Mà á fún ọ ní èènì," ni ìyá rẹ̀ ń wí fún oníbàárà. "Ìwọ lo kọ́kọ́ rà."