Ọkọ̀ Panápaná Kò Sí Nílé

"Panápaná, ṣé ọkọ̀ yín wà nílé? Bàálù Èkó ti ń sún mọ́lé."

Bísọ́dún ló ń sọ̀rọ̀ láti inú rédíò. Òun ló wà nílé ìṣọ́ lọ́jọ́ náà, tó ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń wa bàálù. Oyèbọ́lá, obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn panápaná tó wà lẹ́nu iṣẹ́, di rédíò mú. Ibi tí ọkọ̀ pupa ńlá náà máa ń dúró sí ṣófo níwájú rẹ̀, àfi epo dúdú tó kán sílẹ̀.

Ọ̀gbẹlẹ̀ mú gidi lọ́dún náà. Kànga ẹ̀rọ tó wà nílé Ọ̀gá Akíntóyè ní Ìjàpò ti gbẹ, bẹ́ẹ̀ àwọn bíríkìlà ń kọ́ ilé àlejò sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Akíntóyè ni olùdarí pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́ náà. Láàárọ̀, ó ní kí Lawrence, tó ń wa ọkọ̀ panápaná, gbé omi lọ fún àwọn òṣìṣẹ́ òun. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Oyèbọ́lá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí bàálù balẹ̀ ná, ni ọ̀gá náà bá rẹ́rìn-ín.

"Kí bàálù tó dé, Lawrence á ti dé."

Lawrence kò dé. Ó pè láti Ọ̀bá-Ilé pé tírélà kan ti ṣubú dínà, kò síbi tí òun lè gbà.

Ọ̀gá Akíntóyè fúnra rẹ̀ wọlé wá. Kò jókòó.

"Sọ fún un pé ọkọ̀ wà."

"Kò sí, sà."

"Mo mọ̀ pé kò sí. Mo ní kí o sọ pé ó wà. Láti ọjọ́ tí bàálù ti ń balẹ̀ níbí, èwo ló gbiná rí?"

Òótọ́ ni, ìkankan kò gbiná rí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ panápaná tí omi kún inú rẹ̀ kò bá sí nítòsí, òfin ní bàálù kò gbọdọ̀ balẹ̀. Oyèbọ́lá rò ó wò: kí táyà kan bẹ́ lójú ọ̀dà, kí iná sọ, kí àwọn èrò máa lu fèrèsé láti inú, kí òun sì dúró síta pẹ̀lú garawa yanrìn lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn," Bísọ́dún tún wí.

Ó tẹ rédíò. "Ọkọ̀ wa kò sí nílé. Ẹ má jẹ́ kó balẹ̀."

Ọ̀gá Akíntóyè wò ó bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì jáde.

Bàálù náà yí po lókè Ìlú-Àbò, àwọn tó wà lóko gbójú sókè wò ó. Ó tún yí po, lẹ́yìn náà ó dorí kọ ọ̀nà Èkó padà. Ariwo rẹ̀ kò tíì tán lójú ọ̀run tí Lawrence fi gba ẹnu géètì wọlé, ṣùgbọ́n kò sí omi kankan mọ́ nínú ọkọ̀.

Nígbà tí Oyèbọ́lá dé gbọ̀ngàn, inú ń bí àwọn èrò tó yẹ kí bàálù náà gbé lọ sí Èkó. Àlàájì Ràímì nìkan ni kò pariwo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń ta ìkòkò lọ́jà Àkúrẹ́. Àjọkẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, sùn sórí àga, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni ọkàn ọmọ náà kò ti ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un l'Ékòó, dókítà sì ti kìlọ̀ pé ara rẹ̀ kò lè gba gbágungbàgun ọ̀nà.

"Ìyá, ṣé bàálù náà á padà wá?" Àlàájì bi Oyèbọ́lá.

"Bóyá lọ́la, Àlàájì."

"Lọ́la ti pẹ́ jù fún wa."

Wọ́n háyà mọ́tò. Oyèbọ́lá bá wọn gbé ọmọ náà wọlé. Ó fúyẹ́, èékánná rẹ̀ sì ti ń ṣe dúdú.

"Bàtà yín mà tóbi o," Àjọkẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Oǹdó nìkan ni wọ́n lè dé. Kí wọ́n tó wọ ìlú ni èémí ọmọ náà ti ń já, awakọ̀ sì sáré yà sí ilé ìwòsàn tó kọ́kọ́ rí. Dókítà gbé etí lé àyà rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ó fa aṣọ bò ó lójú. Àkúrẹ́ ni wọ́n gbé e padà wá sin kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bísọ́dún ló pe Oyèbọ́lá sọ fún un. Láti ìgbà náà ni èrò kan kò ti kúrò lọ́kàn rẹ̀: ká ní òun purọ́ ni, ọmọ náà ì bá ti dé Èkó. Kò rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹta, ó wá ilé Àlàájì lọ. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó gba àárín àwọn obìnrin tó jókòó lórí ẹní kọjá. Ọ̀gá Akíntóyè ló rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Lawrence dúró lẹ́yìn wọn, ó ń to omi inú ike.

Oyèbọ́lá kúnlẹ̀. "Àlàájì, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró."

Àlàájì wò ó. "Ẹ̀yin lẹ ní kí bàálù má balẹ̀."

"Èmi ni, sà. Ọkọ̀ panápaná kò sí nílé."

"Mo gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán an lọ gbé omi síbi tí ẹ ti ń kọ́lé. Awakọ̀ náà sì jẹ́rìí sí i."

Oyèbọ́lá yíjú sí Lawrence. Lawrence kò gbójú sókè.

"Àlàájì, ilé Ọ̀gá ní Ìjàpò ni omi náà lọ."

"Wọ́n ti sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa wí."

Ọ̀gá Akíntóyè rọra fọwọ́ pa Àlàájì lẹ́yìn. "Ẹ ṣe sùúrù, Àlàájì. A ti yọ obìnrin yìí níṣẹ́."

Ibẹ̀ ni Oyèbọ́lá ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Àjọkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú yàrá.

"Ẹ máa lọ, ìyá," Àlàájì wí. "Mi ò ní ṣépè fún yín. Ẹ ṣáà máa lọ."

Àwọn obìnrin ká ẹsẹ̀ wọn kò kí ó lè ráyè kọjá, kò sí ẹni tó kí i nínú wọn. Bó ṣe ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn Àlàájì Ràímì láti inú ilé, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Akíntóyè pé ó wá.