Aago Mẹ́wàá Lábẹ́ Afárá

Èmi ni igbákejì ọ̀gá nínú ọkọ̀ ojú omi kan tó máa ń kó sìmẹ́ńtì láti ẹnu odò lọ sókè. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ ìwé ìṣàn omi wò, èyí tó ń sọ wákàtí tí omi òkun máa bẹ̀rẹ̀ sí í ti odò padà sókè, kí ọkọ̀ lè bá a lọ. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìwé ní aago mẹ́wàá ni omi máa yí padà lábẹ́ afárá. Mo fa ìlà sórí máàpù, inú mi ń dùn ṣìnkìn.

Bàbá atọ́nà, tó ti ń tọ́ ọkọ̀ gba odò náà láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, gun ọkọ̀ wa. Ó wo iṣẹ́ mi, ó mirí.

"Ẹ jẹ́ ká dúró di aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òjò fi rọ̀ lókè odò. Ìwé yẹn ò mọ̀ pé òjò rọ̀."

Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ṣé orúnkún yín ló sọ fún yín ni?"

Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wa, ọ̀rẹ́ bàbá láti ọjọ́ pípẹ́, wò mí, ó wo bàbá, ó ní ká máa lọ ní aago mẹ́wàá.

Nígbà tá a dé abẹ́ afárá, omi ṣì ń ya bọ̀ láti òkè. Ó gbá imú ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì forí sọ bèbè. Bàbá ti jáde síta láti wo omi. Ó ṣubú lu irin, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Kò tún gun ọkọ̀ mọ́.

Ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ wa ní ká kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi, ni mo bá kọ ọ́ pé atọ́nà fara mọ́ aago mẹ́wàá. Ọ̀gá buwọ́ lù ú láì kà á.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbé e sáyà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ sílé bàbá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àga fún mi, mi ò lè jókòó. Mo kúnlẹ̀ níwájú bàbá, mo jẹ́wọ́.

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Nígbà tí wọ́n ka ìwé yẹn fún mi, orúkọ ọ̀gá ẹ ni wọ́n pè nísàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló wá síbí, mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mò ń sùn. Nígbà tó kú, mi ò lọ sin ín." Ó yíjú sí fèrèsé. "Máa lọ sílé, ọmọ mi. Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni."

Mo gba ọ́fíìsì lọ, mo tún ìwé náà kọ. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀, ó dúpẹ́, ó fi í sínú fáìlì. Mo ṣì dúró síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti tán, sà."