Pátákó Iye Owó Ọ̀gá Bàtà

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọkùnrin náà fi ń lẹ iye owó mọ́ ìdí bàtà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, kó tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, tó wá ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni kó gba mọ́tò tó ti dọ̀tí, tó ń rùn, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, kó fọ̀ ọ́ nínú lóde, kó dán an, kó sì dá a padà fún ẹni tó ni ín bí ẹni pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e jáde nílé iṣẹ́. Òun ló sọ àbúrò rẹ̀ ní Ọ̀gá Bàtà. Orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà ò mọ òmíràn.

Ká má purọ́, obìnrin yẹn mọṣẹ́. Ó lè fi ìka kan ṣoṣo ra ìlẹ̀kùn mọ́tò, kó sì sọ fún ẹ bóyá abẹ́ igi ni wọ́n ń gbé e sí àbí ẹ̀gbẹ́ títì. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ iye owó, Ọ̀gá Bàtà kì í mọ ibi tí yóò fojú sí. Kò sí iye kankan lára ògiri. Bí oníbàárà bá dé, àǹtí á wọ inú mọ́tò náà, á jókòó síwájú, á tún bọ́ sẹ́yìn, á ti ìlẹ̀kùn mọ́ra, á máa fimú fínlẹ̀, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó títí dé ìgúnpá. Ó lè tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni yóò jáde, tí yóò nuwọ́, tí yóò sì dá iye kan. Èèyàn méjì á gbé irú mọ́tò kan náà wá, àwọ̀ kan náà, ọdún kan náà, ọ̀kan á san ogójì, èkejì á san àádọ́rùn-ún. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dúró gbọ́. Wọ́n á fojú wá iye owó lára ògiri, wọn ò ní rí i, wọ́n á sì yí mọ́tò wọn padà lẹ́nu ọ̀nà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí ẹni kẹta ṣe yí padà báyẹn ni Ọ̀gá Bàtà ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń lé wọn lọ ni o. Ẹni tí ò mọ iye tó máa san, ẹ̀rù á máa bà á. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sára pátákó. Mọ́tò kékeré, iye báyìí. Èyí tó ṣe déédéé, iye báyìí. Ńlá, iye báyìí. Ó parí!"

"Bó o ṣe rí i nìyẹn?"

"Bí mo ṣe rí i nìyẹn, àǹtí. Ọ̀rọ̀ iye owó, iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó títí. Ó dà bíi pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé e mì.

"Kò burú. Ọ̀sẹ̀ yìí, tìẹ la máa lò. Ohun tó o bá kọ la máa gbà. Mi ò ní fi kún un, mi ò sì ní yọ níbẹ̀. Tó bá gún régé, ìwọ lá á máa dá iye owó láti òní lọ, a sì jọ ni ṣọ́ọ̀bù yìí, èmi pẹ̀lú ìwọ, ọgbọọgba. Tí kò bá gún, o mọ̀ pé ọ̀gá rẹ àtijọ́ ṣì ń pè ẹ́. Wà á padà sídìí bàtà."

Ọ̀gá Bàtà rántí ibẹ̀. Yàrá tó ti ń lẹ iye owó mọ́ bàtà ò ní fèrèsé. Ó lè wà níbẹ̀ látàárọ̀ kó má mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀ níta. Àtìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti ń rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe tó ń dán nínú oòrùn, ìyàwó rẹ̀ sì ti ń ráhùn pé orin tó ń kọ ní balùwẹ̀ ti ń pọ̀ jù. Ó fẹ́ dúró. Kò sí ohun tó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé yìí.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, pátákó ti délẹ̀. Ọ̀dà funfun, lẹ́tà pupa gàdàgbà: kékeré, ogójì; èyí tó ṣe déédéé, ọgọ́ta; ńlá, ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àyè ṣẹ́kù nísàlẹ̀, tí ọ̀dà náà ò sì tíì tán, ó fi gbólóhùn kan kún un láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: "Ìdọ̀tí yòówù kó jẹ́." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"O mọ̀wé kọ," ló kàn sọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé jíìpù rẹ̀ wá. Bàbá náà ń dá gbé ni. Aṣọ ló ń fi bo mọ́tò náà bí ẹni bo ọmọ ìkókó, ó mọ́ débi pé o lè jẹun lórí ilẹ̀ inú rẹ̀. Kò ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi parí rẹ̀. Bàbá ka ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, ó wo pátákó, ó tún wo jíìpù rẹ̀.

"Ẹ ṣé o," ni bàbá wí. "Èmi ò mọ̀ pé gíga tó ga yìí lẹ fẹ́ gbowó ẹ̀."

Ọ̀gá Bàtà ò tiẹ̀ gbọ́. Ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan! Ńṣe ló ń yan fanda kiri ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká aṣọ ìnumọ́tò ní tirẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́rú ni nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú mọ́tò kékeré kan báyìí. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ tán ni òórùn ti jáde wá kí wọn. Wàrà ni. Odidi ike wàrà kan ló yí dà nù lẹ́yìn mọ́tò, oòrùn sì ti ń sè é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì yìí bí ọmọ mẹ́ta, ó ní ajá kan, gbogbo wọn ló sì fi àmì sílẹ̀ nínú mọ́tò náà.

"Ẹ má bínú," ló wí, ojú ń tì í. "Ibi mẹ́rin ni mo ti gbé e dé. Wọ́n ní kí n lọ tà á. Ọmọ mi kékeré ti ń bì tá a bá ti wọ̀ ọ́. Pátákó yín ni mo rí lójú títì. Ìdọ̀tí yòówù kó jẹ́, ogójì. Ṣé òótọ́ ni?"

Ọ̀gá Bàtà lanu láti ṣàlàyé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dáhùn.

"Òótọ́ ni. Ogójì ni. Ẹ padà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì."

Bí iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n tú gbogbo ìjókòó, nọ́ọ̀tì tó di ìjókòó kọ̀ọ̀kan mú sì wọ inú agolo tirẹ̀ kó má baà dàrú. Wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, fóòmù tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti mu wàrà yó bámúbámú. Ọ̀gá Bàtà fẹ́ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tó o bá ń ha á, ò ń tì í wọlé ni. Tẹ̀ ẹ́. Da omi gbígbóná sí i, tẹ̀ ẹ́, fún un, tún da omi sí i. Títí omi á fi mọ́."

Omi funfun. Omi funfun. Ó dà á nù, ó tún pọn, funfun náà ni. Orúnkún ń dùn ún, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án jù ú lọ dùbúlẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀ mọ́tò, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín wá wàrà nínú ihò tí ojú ò tó. Ó ń gbóòórùn bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀kan tó ti dà bíi pé ó mọ́ lójú Ọ̀gá Bàtà, ó dá a padà sínú ọṣẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló máa gbóòórùn bẹ́líìtì? Kò sí ẹnì kan. Obìnrin yìí ṣe é bí ẹni pé gbogbo ayé máa gbóòórùn ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, oníbàárà méjì dé, kò sí àyè, wọ́n ní kí wọ́n padà wá. Ọ̀gá Bàtà ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jágbe mọ́ ọn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sinmi lẹ́yìn ọ̀sán nìkan ló béèrè, ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́:

"Ọ̀gá Bàtà, níbi ìdí bàtà yín, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ ńlá máa ń sanwó ju ẹlẹ́sẹ̀ kékeré lọ ni?"

Ọ̀gá Bàtà ronú sí i. Ọdún mọ́kànlá! Irú bàtà kan náà, ńlá ni o, kékeré ni o, iye kan náà ló ń lẹ̀ mọ́ wọn nídìí.

"Rárá, àǹtí."

"Mo kàn ní kí n béèrè ni."

Ẹ̀rín pa obìnrin náà títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Bàtà náà ò lè mú un mọ́ra, òun náà bú sẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó mí sínú, ó tún mí sínú. Kò rùn. Kò tiẹ̀ rùn lọ́fínńdà tí wọ́n fi ń bo òórùn mọ́lẹ̀, nítorí òórùn kankan ò ṣẹ́kù tí wọ́n á bò. Obìnrin náà fi orí lé ọwọ́ ìdarí mọ́tò, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú àádọ́jọ jáde.

"Ẹ gbà á, ẹ jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ju ogójì lọ."

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Bàtà ka ogójì, ó dá ìyókù padà fún un.

"Àbúrò mi ló kọ iye yẹn. Ohun tí àbúrò mi bá ti kọ, ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Kí ẹ sì kí àwọn ọmọ."

Ọ̀gá Bàtà dúró sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ojú ń tì í, orí rẹ̀ sì ń wú. Ó ti ń bá obìnrin yìí jẹun láti kékeré, kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe tó èèyàn. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, ó gbé pátákó kúrò lára ògiri, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì mú báàgì rẹ̀.

"Àǹtí, mi ò ní dúró dọ̀la. Kò gún. Mo máa pe ọ̀gá mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fọwọ́. Kò wẹ̀yìn.

"Kó o tó lọ. Mọ́tò nọ́ọ̀sì yẹn, èló ló yẹ ká gbà?"

Ọ̀gá Bàtà ò nílò ìwé. Iye náà ti wà lára orúnkún rẹ̀.

"Ọjọ́ méjì, wákàtí mẹ́rìndínlógún. Ká ní wákàtí kan jẹ́ márùn-ún, ọgọ́rin nìyẹn. Ọṣẹ àti omi gbígbóná, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni. Jíìpù tíṣà, kò yẹ kó kọjá ọgbọ̀n. Ká ní mo ti wo inú wọn ni, àǹtí, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ga."

"Ti tíṣà dáa. Lọ́la wà á gbé àádọ́rin lọ fún un, wà á sì bẹ̀ ẹ́. Ti nọ́ọ̀sì ò tíì pé."

Ọ̀gá Bàtà tún un ṣe nínú ọkàn rẹ̀. Ìjókòó, kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́líìtì, gbígbẹ. Kò rí ohun tó fò.

"Ó pé, àǹtí."

"Ta ló tú ìjókòó ẹ̀yìn?"

"Èmi ni."

"Ta ló ń fún fóòmù títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó?"

"Èmi ni."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yíjú sí i, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wákàtí tèmi nìkan lo kà. Tìẹ dà?"

Ọ̀gá Bàtà wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó. Kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Ó ti ka ọṣẹ, ó ti ka omi, kò ka ara rẹ̀.

"Gbé báàgì yẹn kalẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Èèyàn méjì ló ṣe mọ́tò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù yìí náà, a jọ ni ín. Kà á dáadáa."

Ọ̀gá Bàtà gbé báàgì kalẹ̀. Ó jókòó sórí korobá kan, omi kún ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó náà láti ìbẹ̀rẹ̀, sókè, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè gbọ́: èèyàn méjì, wákàtí mẹ́rìndínlógún.